Àjẹṣẹ́kù: Ìtàn Ojú Owó àti Iṣẹ́ Ìgbèríko Wa

 

Nígbà tí àwọn baba wa ń wá orúkọ fún ẹgbẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ń jọ dá owó sí, wọn kò pè é ní ẹgbẹ́ olówó, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò pè é ní ẹgbẹ́ aláàánú. Wọ́n pè é ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: ẹgbẹ́ àwọn tí ń jẹ tí wọ́n sì ń ṣẹ́ díẹ̀ kù. Orúkọ yìí ni a fẹ́ fi tú ìtàn inú àròkọ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú ẹgbẹ́ wa ní Marks Gate lónìí kò ju ìtumọ̀ orúkọ náà lọ.

Àwọn ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó láti fi gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ ní abúlé kan nílé, kí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ lè rí nǹkan ṣe, kí wọ́n má baà máa sá lọ sí Èkó. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Nígbà kan rí, a dá owó, a ra ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, a kọ́ ilé fún un, lẹ́mọ́mù ṣe àdúà sí i, gbogbo abúlé sì yọ̀. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn obìnrin ń gbé ẹ̀gẹ́ wá láti àwọn abúlé tí ó yí i ká, owó sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń wọlé kò rí ibi jókòó sí. Wọ́n mú nínú rẹ̀ ra páànù mọ́ṣáláṣí, wọ́n mú nínú rẹ̀ ṣe àlejò, wọ́n mú nínú rẹ̀ ra àgbò Iléyá fún àwọn aláìní. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́, kò sí kọ́bọ̀ nílẹ̀ tí wọn yóò fi tún un ṣe. Wọ́n kọ̀wé sí wa, a tún dá owó; ó tún bàjẹ́, a tún dá owó; nígbà kẹta, ó rẹ̀ wá. Ilé ẹ̀rọ náà ti di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn.

A kò dá àwọn ará abúlé lẹ́bi. Kò sí ẹni tí ó jalè nínú wọn, ohun rere sì ni gbogbo ohun tí wọ́n ná owó náà lé lórí. Àwa tí a rán owó ni a kò rán ìlànà tẹ̀lé e. Nítorí náà, kí a tó tún sọ owó sínú àpò, ó yẹ kí a bi ìtàn léèrè: irú owó wo ni ó ń pẹ́ nínú iṣẹ́ tí àwùjọ bá jọ dá sílẹ̀, irú wo ni ó sì ń parẹ́?

Ilẹ̀ tí a dúró lé

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ wa wà. Marks Gate wà ní ìpẹ̀kun àríwá agbègbè Barking and Dagenham, lókè títì A12, níbi tí ilé ti ń tán lọ tí pápá sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, etí igbó Hainault ni ibí yìí jẹ́. Igbó ọba ni igbó náà, ṣùgbọ́n àwọn ará ìletò tí ó yí i ká ní ẹ̀tọ́ láti da ẹran jẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ àjọni ni. Gbogbo wọn ń jẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí òfin yàn nínú wọn láti máa ṣọ́ igbó náà fún wọn. Ní 1851, ìjọba ṣe òfin tí ó fòpin sí ipò Hainault gẹ́gẹ́ bí igbó ọba. Wọ́n hú igi rẹ̀, wọ́n pín ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di oko.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni igbó Epping wà, ewu kan náà sì dé bá a. Ṣùgbọ́n ní ti Epping, àwọn ènìyàn jà fún un, ìgbìmọ̀ alákòóso àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù dá sí ọ̀rọ̀ náà, òfin tí a ṣe ní 1878 sì fi igbó náà sí ìkáwọ́ wọn, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Epping ṣì wà títí di òní. Ní ti Hainault, ìyókù díẹ̀ ni a tún rà padà, tí a sì ṣí fún gbogbo ènìyàn ní 1906. Ìyẹn ni igbó tí àwọn ọmọ wa ń lọ ṣeré nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igbó méjì, ẹ̀tọ́ àjọni kan náà. Ọ̀kan rí olùtọ́jú tí òfin mọ̀ kí ó tó bọ́. Wọ́n ti jẹ èkejì tán kí ẹnikẹ́ni tó dìde.

Ìlànà Khaybar

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí. Nígbà tí Sayyidina Umar ọmọ Khattab ní ilẹ̀ kan ní Khaybar tí ó níye lórí púpọ̀, ó lọ bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun léèrè ohun tí ó yẹ kí ó fi ilẹ̀ náà ṣe. Ìmọ̀ràn tí Ànábì fún un ni pé kí ó di ojú ilẹ̀ náà mú, kí ó sì fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. Umar sì ṣe bẹ́ẹ̀. A kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà, a kò gbọdọ̀ fi tọrẹ, a kò gbọdọ̀ jogún rẹ̀. Èso rẹ̀ nìkan ni ti àwọn aláìní, àwọn ìbátan, ìdáǹdè àwọn ẹrú, àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn àlejò.

Ibì kan ń bẹ nínú ìlànà náà tí àwọn ènìyàn kì í sábà dúró lé lórí. Umar fi kún un pé ẹni tí ó bá ń tọ́jú ilẹ̀ náà lè jẹ nínú èso rẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, níwọ̀n ìgbà tí kò bá fi kó ọrọ̀ jọ fún ara rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà pín sí nígbà náà: ojú owó tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn, èrè tí a ń ná, àti ẹ̀tọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ibẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn Mùsùlùmí gbé wákáfù kalẹ̀, òun ni ó sì bọ́ ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti kànga omi ní Káírò, ní Damascus àti ní Istanbul fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ fi èyí wé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ wa: èrè rẹ̀ di sàráà, ṣùgbọ́n ojú owó rẹ̀ kò ní aláàbò, ẹni tí ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ tí a kọ sílẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn baba wa nílé kò mọ èyí. Wọ́n ní àáró àti ọ̀wẹ̀ fún iṣẹ́, wọ́n sì ní àjọ àti èsúsú fún owó. Èsúsú dára, ó ti kọ́ ilé, ó ti fẹ́ aya, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n èsúsú kì í ṣẹ́kù: bí ó bá ti kárí, ó parí. Ohun tuntun tí ó dé ní ìgbà ayé àwọn baba wa àgbà ni ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kì í parí nígbà tí ó bá kárí.

Ní 1907 ni àwọn olóko Agége ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1930 síwájú, nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ káàkiri àgbáyé tí àwọn oníṣòwò ń ra ẹrù àgbẹ̀ ní owó tí ó wù wọ́n, ni ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Ìjọba pe C. F. Strickland, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà, kí ó wá wo bí yóò ti rí ní Nàìjíríà. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1934, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì tẹ̀lé e ní 1935. Ní 1937 ni a forúkọ ẹgbẹ́ Gbedun, ní agbègbè Ìbàdàn, sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà.

Bí iṣẹ́ wọn ti rí nìyí. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan san owó ìdókòwò díẹ̀, èyí tí agbára àgbẹ̀ ká. Wọ́n ń gbé kòkó wọn wá síbi kan náà, a ń wọ̀n ọ́n, a ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbẹ, a sì ń tà á pọ̀, kí oníṣòwò má baà lè fi ọ̀kan na èkejì. Nígbà tí èrè bá wọlé, a kò kọ́kọ́ pín in. Apá kan ní láti lọ sínú àpò ìpamọ́ ẹgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gba tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń wá yẹ ìwé owó wò. Nínú irú owó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, láti abúlé dé abúlé, ni agbára fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi dá Báńkì Alájẹṣẹ́kù ti Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1953. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí: ní 1844, ènìyàn méjìdínlọ́gbọ̀n ní ìlú Rochdale fi pọ́n-ún méjìdínlọ́gbọ̀n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, wọ́n sì fi í ṣe òfin pé a kì í tajà àwìn. Owó wọn kéré, ṣùgbọ́n tiwọn ni, wọn kò sì jẹ́ kí ó ju sínú àwìn.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ wa? Ọ̀nà méjì ni ìṣubú gbà wọlé. Èkíní ni pé ìjọba fẹ́ràn wọn jù. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba fi ń ra irè oko ni ó ń dá iye owó kòkó, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì di ọ̀kan nínú àwọn aṣojú tí ń bá a rà á. Nígbà tí ìjọba tú ìgbìmọ̀ náà ká ní 1986, àwọn oníṣòwò àdáni ya wọ oko pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Àgbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ san owó ilé ìwé kò lè dúró de ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá kó owó wá lójú ẹsẹ̀ ni ó tà fún. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní owó tirẹ̀ nílẹ̀ láti fi ra kòkó kò ní nǹkan tí yóò fi dá ọmọ ẹgbẹ́ dúró mọ́.

Ọ̀nà kejì ni ti báńkì náà. Ní 2004, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé ojú owó báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà. Báńkì Alájẹṣẹ́kù kò lè dá a dé. Ní 2006 ó wọ inú àpapọ̀ báńkì márùn-ún tí ó di Skye Bank. Ní 2018, ìwé àṣẹ Skye Bank náà bọ́, Polaris Bank sì rọ́pò rẹ̀. Báńkì tí a fi kòkó abúlé kọ́ ti di orúkọ inú ìtàn.

Ṣùgbọ́n kí a fi ojú òdodo wò ó. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ tí báńkì náà fi dúró. Ẹ fi wé ibùdó àgbẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1959, tí wọ́n wo àwòṣe rẹ̀ láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ìjọba ni ó san ohun gbogbo: ó kọ́ ilé, ó ro ilẹ̀, ó ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní owó oúnjẹ títí irè wọn yóò fi so. Owó tí a ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀ ju ohun tí oko lè dá padà lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Owó tí ẹni tí ń lò ó kò fi òógùn rẹ̀ kún kì í dùn ún bí ó bá sọnù. Ìyẹn náà wà nínú ìtàn ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ wa: kò sí kọ́bọ̀ ará abúlé kankan nínú rẹ̀.

Ayétòrò létí òkun

Bí ó bá jẹ́ pé òógùn ni ó kù, ibì kan wà tí a ti ta á sílẹ̀ ju ibikíbi lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1947, àwọn Ìlàjẹ kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ ìlú Ayétòrò dó létí òkun, ní ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Kristẹni ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò ní ilé kan, Mùsùlùmí a sì máa mú un níbi tí ó bá ti rí i. Wọ́n pinnu pé kò ní sí owó àdáni. Gbogbo ènìyàn ń ṣiṣẹ́ láìgba owó ọ̀yà, àpò kan ni gbogbo èrè ń wọ̀, láti inú àpò náà sì ni a ti ń bọ́ wọn tí a sì ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń ṣe ọṣẹ. Nínú àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì wà nínú òkùnkùn, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó ara wọn rà.

Onímọ̀ ará Kánádà kan, Stanley Barrett, gbé ìtàn wọn yẹ̀ wò nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1977, ó sì so ọrọ̀ wọn mọ́ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe yẹn. Kò sí ẹni tí ń gba owó ọ̀yà, nítorí náà gbogbo ohun tí ó wọlé ni a lè fi kún ojú owó. Ṣùgbọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1960, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í fàyè gba iṣẹ́ àdáni, ilé iṣẹ́ àjọni sì ń rẹ̀yìn. Òkun ti wá ń jẹ ilẹ̀ ìlú náà báyìí, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni èyí. Àwọn ará Ayétòrò ṣẹ́kù púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ tó ohun tí yóò jẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́ dúró. Àwa ní tiwa jẹ gbogbo rẹ̀, a kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Apá méjì ni orúkọ àjẹṣẹ́kù ní, ẹni tí ó bá sì gé ọ̀kan kúrò ti ba èkejì jẹ́. Ìdí nìyí tí Umar fi fún olùtọ́jú ilẹ̀ Khaybar ní ẹ̀tọ́ láti jẹ.

Ẹja Eriwe

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó súnmọ́ wa. Ní 1998, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, onímọ̀ jọ́gíráfì tí ó papòdà ní 2022, kó àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde jọ láti jíròrò lórí ìṣẹ́ tí ó ń bá ìlú náà fínra. Kábíyèsí Awùjalẹ̀ Sikiru Adetona, ọba Mùsùlùmí tí ó wàjà ní 2025, ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ tí ó ti ibẹ̀ jáde kò bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó fún aláìní. Ó ń yá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó. Láti inú ètò náà ni abúlé ẹja Eriwe ti jáde, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sin ẹja nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ adágún tí a gbẹ́ sí ojú kan.

Ẹni tí ó bá mọ òwò ẹja àrọ̀ mọ̀ pé oúnjẹ ẹja ni ó ń jẹ owó jù. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò lè rà á lọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ lè rà á. Àgbẹ̀ ń gba oúnjẹ náà ní àwìn. Nígbà tí ẹja bá tó tà, a kọ́kọ́ yọ gbèsè kúrò kí èrè tó dé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe onídùúró fún un, nítorí pé ẹni tí kò bá san ti dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó kàn. Owó kan náà a bọ́ sí ọwọ́ ẹni kan, a padà wá, a sì tún bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí a ń gbé síwájú ìpàdé

Ìtàn ti dá wa lóhùn. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ owó ni ó ń mú iṣẹ́ àwùjọ pẹ́, kì í sì ṣe ìtara. Ohun tí ó ń mú un pẹ́ ni ojú owó tí ó ní olùtọ́jú, èrè tí ó ní ààlà, àti òógùn àwọn tí iṣẹ́ náà wà fún. Nítorí náà, a ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí ó má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ títí a ó fi fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, kí àwọn ará abúlé náà dá tiwọn, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, kí orúkọ ẹni tí ó dá a sì wà nínú ìwé.

Ìkejì, kí a ṣírò ikú ẹ̀rọ láti ọjọ́ tí a bá rà á. Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà, tí a sì rò pé yóò lo ọdún márùn-ún, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni ó gbọ́dọ̀ wọ àpò ìpamọ́ lóṣooṣù kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé èrè wà. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé ohun tí ó dé bá náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó kù díẹ̀ kí dọ́là kan tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lójú ìwé ìjọba. Ní 2024, ó ti kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ẹni tí ó tọ́jú náírà nìkan ti pàdánù. Kí a fi apá kan ra ohun ìtúnṣe ẹ̀rọ sílẹ̀, kí a sì máa tún owó ìpamọ́ náà ṣírò lọ́dọọdún.

Ìkẹta, kí a má yá wọn lówó èlé, kí a má sì ta á lọ́rẹ lásán. Sharia ti fún wa ní mudaraba: ẹni kan mú owó wá, ẹni kejì mú iṣẹ́ wá, wọ́n sì fẹnu kò ṣáájú lórí bí wọn yóò ṣe pín èrè. Bí òfò bá dé láìsí àìbìkítà, olówó pàdánù owó rẹ̀, òṣìṣẹ́ pàdánù làálàá rẹ̀. Kí á mọ èyí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìpín tiwa nínú èrè padà sínú ojú owó. Páànù mọ́ṣáláṣí àti àgbò Iléyá, inú ìpín tiwọn ni kí wọ́n ti wá.

Ìkẹrin, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú Súrátùl Bákárà, ẹsẹ 282, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀ kí a sì wá ẹlẹ́rìí sí i, ó kéré ni o, ó pọ̀ ni o. Ẹni tí ó bá rò pé ìwé àti ẹlẹ́rìí láàárín ọmọ ìyá jẹ́ àìgbẹ́kẹ̀lé kò tíì ka ẹsẹ náà dé òpin.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ tí a sì gòkè kọjá Marks Gate, pápá tí a ń wò níwájú wa ni igbó tí kò rí aláàbò lákòókò. Ní ìdàkejì ayé, ilé ẹ̀rọ kan wà tí ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀. A kò fẹ́ kọ́ èkejì. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ohun tí a ní, kí Ó fún wa ní ọgbọ́n láti jẹ níbẹ̀, kí Ó sì fún wa ní ìkóra-ẹni-níjàánu láti ṣẹ́ kù. Àmín.